Ẹ Béèrè, À Ń Dáhùn: Iṣẹ́ Tí Ìṣirò Ń Ṣe Nínú Ètò Ààbò Orílẹ̀-Èdè

Lẹ́tà tó wọlé fún wa lórí ọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu oṣù méjì yìí pọ̀, ohun kan ló sì so púpọ̀ nínú wọn pọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn òǹkàwé wa ń gbọ́ iye àwọn tí wọ́n jí gbé, iye àwọn tí wọ́n pa, àti iye àwọn ọ̀daràn tí ọwọ́ tẹ̀, wọn kò sì mọ èyí tí wọn yóò gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí olóòtú fi kó lẹ́tà mẹ́fà lé mi lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀ ni n ó ti dúró pẹ́.

Ìbéèrè: Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé ìwádìí kan jáde pé láàárín oṣù Karùn-ún ọdún 2023 sí oṣù Kẹrin ọdún 2024, ènìyàn 614,937 ni wọ́n pa ní Nàìjíríà, àti pé ìjínigbé tó wáyé jẹ́ 2,235,954. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ní kò lè jẹ́ irọ́, nítorí ìjọba ló gbé e jáde. Ta ló jàre nínú wa? (Bàbá Olùkọ́, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Bàbá, òtítọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ka òkú 614,937 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí NBS, kò lọ sí ilé ìgbókùúsí, kò sì da àwọn ìwé inú àgọ́ ọlọ́pàá jọ. Wọ́n ṣa àwọn ilé kan káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n rán òṣìṣẹ́ lọ bá wọn, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ti kó sọ́wọ́ ọ̀daràn láàárín oṣù méjìlá tí wọ́n dárúkọ. Ìdáhùn àwọn ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n wá sọ di púpọ̀ títí tó fi dúró fún gbogbo Nàìjíríà.

Kò sí àrékérekè nínú ọ̀nà yìí. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí ní àpò kì í tú u dà sílẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ọwọ́ ló máa ń tì bọ inú àpò. Yóò bù díẹ̀ lókè, yóò bù díẹ̀ láàárín, yóò sì gbìyànjú kí ọwọ́ rẹ̀ kan ìsàlẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi èyí tó dára bo èyí tí kò dára mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá dé gbogbo ibi, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tó láti mọ ohun tó wà nínú àpò kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin péré ló wà nínú àpò náà ńkọ́? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì bá ọ̀kan pàdé yóò rò pé òkúta ló kún inú àpò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan ìkankan yóò sì búra pé kò sí òkúta níbẹ̀ rárá. Bí ìpànìyàn ti burú tó, bí òkúta yẹn ló rí láàárín gbogbo ilé tó wà ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye tí mo dá fúnra mi ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ilé 10,000 ni wọ́n bi ní ìbéèrè, tí wọ́n sì dúró fún ilé mílíọ̀nù 40. Ilé kan ṣoṣo ti di agbẹnusọ fún ilé 4,000 nìyẹn. Bí ilé mẹ́wàá péré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ikú 40,000 tí kò ṣẹlẹ̀ ti wọ inú ìwé. Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè ṣi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ láìparọ́? Ó rọrùn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ka "ilé" sí àwọn tó jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n agboolé ni ìyá tó ń dá a lóhùn ní lọ́kàn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n pa ní ọ̀nà Kàdúná, ará ilé wọn ni, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ilé mẹ́rin mìíràn nínú ẹbí kan náà lè sọ̀rọ̀ ikú kan ṣoṣo yẹn fún òṣìṣẹ́ tó bá kàn wọ́n. Ìbànújẹ́ kò sì mọ oṣù kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì dà bí àná lójú ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà lórí 614,937 yẹn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi 458,000 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ní gbogbo ayé pátá ní ọdún 2021. Nígbà tí iye ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo bá ju èyí lọ láàárín oṣù méjìlá, ó yẹ kí a padà sídìí ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ènìyàn, kí a tún un yẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó má torí ìyẹn sọ gbogbo ìwé náà nù. Nínú ìwádìí kan náà, ìjínigbé 1,668,104 ló wáyé ní àwọn ìletò àti abúlé, 567,850 sì ni ti ìgboro. Èyí já sí pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti àwọn ará oko. Nínú ọgọ́rùn-ún ilé tí ìjínigbé kàn, 65 ló san owó ìtúsílẹ̀, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n san sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.67 náírà. Nínú àwọn tí olè wọ ilé wọn, ìdá 36.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi tó ọlọ́pàá létí. Àṣìṣe tó máa ń sọ àpapọ̀ iye di ńlá kì í sábà yí irú ìpín báyìí padà tó bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá ti fẹ iye ti oko ni yóò fẹ iye ti ìgboro. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín ọlọ́pàá kiri, àwọn ìpín wọ̀nyẹn ni n ó tẹ́ síwájú ara mi, n ó sì fi àròpọ̀ ńlá náà sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe àkọlé ìròyìn.

Ohun kan tún wà tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ìwádìí yìí jáde gan-an ni àwọn kan fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ìkànnì àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àjọ náà sì ní láti kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n má ka ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ sí títí wọn yóò fi gbà á padà. Ibi tí a ń kó iye àwọn ènìyàn ìlú pamọ́ sí yẹ ní ṣíṣọ́ bí a ti ń ṣọ́ ibi tí a ń kó ìbọn sí.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ sà. Olùkọ́ wa sọ pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ iye ọkọ̀ ogun tí àwọn ará Jámánì ń ṣe láìjẹ́ pé wọ́n dé ilé iṣẹ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni, sà? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ọmọ mi, inú mi sì dùn pé o béèrè. Táńkì, ìyẹn ọkọ̀ ogun onírin tó ń yìnbọn ńlá, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì máa ń tẹ nọ́ńbà sára àwọn ẹ̀yà táńkì tí wọ́n bá ṣe, pàápàá gíáà rẹ̀, àwọn nọ́ńbà náà sì máa ń tẹ̀ léra wọn ní títò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà bá gba táńkì lójú ogun tàbí tí wọ́n bá rí àfọ́kù rẹ̀, wọ́n á da nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ. Láti ọdún 1943 ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà ní London ti jókòó ti àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí.

Wò ó báyìí. Ká sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú kan tí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ibẹ̀ ti fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, láti orí 1 lọ sókè. O dúró sí oríta, ọlọ́kadà márùn-ún kọjá, o sì rí nọ́ńbà 14, 37, 52, 81 àti 90. Mélòó ni gbogbo wọn? Wọn kò lè dín ní 90, ìyẹn dájú. Láti orí 1 dé 90, márùn-ún lo rí, 85 ni o kò rí. Bí a bá pín 85 yẹn sí ọ̀nà márùn-ún, 17 ló máa ń wà láàárín èyí tí o rí àti èyí tó ṣíwájú rẹ̀. Ó wá bọ́gbọ́n mu kí a gbà pé àlàfo tó tó bẹ́ẹ̀ náà ló kù lókè 90. A fi 17 kún 90, ó di 107. Bí o bá lọ bi alága ẹgbẹ́ wọn, tó sì ní àwọn jẹ́ 105 tàbí 110, kò ní yà mí lẹ́nu.

Ohun tí wọ́n ṣe ní London gan-an nìyẹn. Fún oṣù Kẹjọ ọdún 1942, ohun tí àwọn amí àti àwọn olùṣọ́nà ń sọ ni pé Jámánì ṣe táńkì 1,550 láàárín oṣù kan. Àwọn oníṣirò ní rárá, 327 ni. Lẹ́yìn tí ogun parí, tí wọ́n ṣí ìwé àwọn ará Jámánì fúnra wọn, 342 ni wọ́n bá níbẹ̀. Fún irú táńkì tí wọ́n ń pè ní Panther, wọ́n ṣírò 270 fún oṣù Kejì ọdún 1944. Iye tí Jámánì ṣe lóòótọ́ jẹ́ 276. Rò ó wò, ìwọ fúnra rẹ, irú ìpinnu tí ọ̀gágun kan yóò ṣe bó bá gbà pé ọ̀tá rẹ̀ lágbára ní ìlọ́po mẹ́rin ju bó ti rí lọ. Yóò fa ọwọ́ ogun sẹ́yìn, yóò sì fún ọ̀tá láàyè láti mí.

Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé ìṣirò náà jẹ́ nítorí pé àwọn nọ́ńbà yẹn tò tẹ̀ léra wọn, àti nítorí pé àwọn táńkì tí ọwọ́ tẹ̀ wá láti ibi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà àtijọ́ tí nọ́ńbà wọn kéré nìkan ló ń gba oríta tí o dúró sí, ìṣirò rẹ yóò wọ́ pátápátá.

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Àwọn ọlọ́pàá tiwa níbí ń lo kámẹ́rà tó ń dá ojú àwọn ọ̀daràn mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Bí ìjọba Nàìjíríà bá ra irú rẹ̀ sí gbogbo ibùdókọ̀, ṣé ìjínigbé kò ní dópin? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, London)

Ìdáhùn: Ẹ kú àjò o. Lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́pàá London ti ń lò ó ní gbangba láti ọdún 2020. Kí a tó náwó lé irú rẹ̀ ní ilé, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan.

Ká sọ pé ẹ̀rọ náà dára débi pé bí ọgọ́rùn-ún ọ̀daràn bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò mú 99, àti pé bí ọgọ́rùn-ún aláìṣẹ̀ bá kọjá, ẹyọ kan péré ni yóò ṣì mú. Kò sí ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi yangàn. Ká wá sọ pé mílíọ̀nù kan ènìyàn ló gba àwọn ibùdókọ̀ wa kọjá, tí 100 nínú wọn sì jẹ́ ajínigbé. Ẹ̀rọ náà yóò mú ajínigbé 99, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn aláìṣẹ̀ jẹ́ 999,900, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì já sí 9,999. Àpapọ̀ àwọn tí wọn yóò dá dúró jẹ́ 10,098, nínú èyí tí 99 péré jẹ́ ọ̀daràn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹ̀rọ bá nàka sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ̀bi.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ Ẹtì ṣe máa ń rí ní Ọjọ́ta. Kí ni a ó ṣe sí ìyá tó ń gbé ata lọ sọ́jà, tí ẹ̀rọ ní ó jọ ajínigbé? Ta ni yóò dá owó ọjà rẹ̀ padà, ta ni yóò sì bẹ̀ ẹ́ kó tó tún bá ọlọ́pàá sọ òótọ́ lọ́jọ́ tó bá rí àjèjì nínú igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀? Ewu mìíràn tún wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, yẹ ọ̀pọ̀ irú ètò yìí wò ní ọdún 2019, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣì wá àti àwọn ará Éṣíà mú ju bí wọ́n ti ń ṣì àwọn aláwọ̀ funfun mú lọ.

N kò sọ pé kí a má rà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwádìí ni kó ṣíwájú, kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Bí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tiwọn dín mílíọ̀nù kan yẹn kù sí 1,000, tí àwọn 100 burúkú náà sì wà láàárín wọn, ẹ̀rọ kan náà yóò mú 99, àwọn tí yóò ṣì mú kò sì ní ju mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀rọ náà kò yí padà, ibi tí a gbé e kọjú sí ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọmọ ogun wa ti pa agbésùnmọ̀mí báyìí-báyìí lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ìyẹn ni kí n fi mọ̀ pé a ti ń borí? (Awakọ̀, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Rárá o, kò tó. Nígbà ogun Vietnam, iye òkú ọ̀tá ni Amẹ́ríkà fi ń mọ̀ bóyá ogun ń lọ síwájú, McNamara tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò wọn nígbà náà sì nígbàgbọ́ púpọ̀ nínú irú iye bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá kékeré rí i pé òkú púpọ̀ ló ń mú ìgbéga wá, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ iye, wọ́n ń ka àgbẹ̀ tí ìbọn bá mọ́ ọ̀tá. Lórí ìwé, wọ́n ń borí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, ọ̀tá tí wọ́n ní ó ti ń tán lọ kọlu ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù Vietnam lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin awakọ̀ ní òṣùwọ̀n tó dára ju ìyẹn lọ lọ́wọ́: ọ̀nà wo lẹ lè gbà lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ báyìí tí ẹ kò lè gbà lọ́dún tó kọjá? Oko wo ni wọ́n ti padà sí? Ilé ìwé wo ni wọ́n tún ṣí? Ẹ fi ìwọ̀nyẹn wọn ohun tí rédíò bá sọ.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kíka ènìyàn fi kan ètò ààbò? Ní ọdún 2006, ìyá mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. (Oníṣòwò aṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1991, mo gbé báàgì ìkànìyàn kọ́ èjìká wọ abúlé kan ní apá Ìgbẹ́tì. Mo bá ìyá kan tó ń bó ẹ̀gúsí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo béèrè iye ọmọ tó ń sùn nínú ilé náà. Ó ní mẹ́rin. Abọ́ ọmọdé mẹ́jọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí wọ́n dà dé sórí òkúta lẹ́bàá ìkòkò omi. Mo wo àwọn abọ́ náà, òun náà wò wọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Mẹ́rin ni mo kọ, nítorí ohun tí wọ́n bá sọ fún wa ni wọ́n ní kí a kọ. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bi mí léèrè bóyá owó orí ni. N kò lè bá a jà; ẹni tó la rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 kọjá, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí, mọ ohun tí ìjọba lè fi orúkọ ènìyàn ṣe. Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí láti ọjọ́ náà, lójú Nàìjíríà, wọn kò sí láyé.

Báyìí ló ṣe kan ààbò. Gbogbo iye ọ̀ràn tí a ń gbọ́ ni a ní láti pín pẹ̀lú iye ènìyàn kó tó ní ìtumọ̀. Ìjínigbé mẹ́wàá láàárín 50,000 ènìyàn jẹ́ àjálù tó ju mẹ́wàá láàárín 500,000 lọ. Bí a kò bá mọ iye tí a fi ń pín, a kò lè mọ ibi tí iná ti ń jó jù. Ẹ wo Mọ́wẹ́ àti Ìbàfò ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: ìletò tó ti di ìlú ńlá lójú wa ni wọ́n, síbẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2006 ni ó kẹ́yìn tí a ṣe.

Ìtàn wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì dára. Wọ́n da ti 1962 nù, wọ́n sì tún un kà ní 1963, àríyànjiyàn kò sì tán lórí 55.7 mílíọ̀nù tí wọ́n rí. Ìjọba ológun fagi lé ti 1973. Ti 1991 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 89, ti 2006 sì jẹ́ 140,431,790. Nínú ti 2006 yìí, wọ́n ní Kánò jẹ́ mílíọ̀nù 9.4, Èkó jẹ́ 9.1, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye tí àwọn kà fúnra àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n sún síwájú. Iye tó yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ètò ni àwọn olóṣèlú sọ di owó tí wọ́n ń pín, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀.

Ẹ bá mi bẹ ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí yóò ka ọmọ wọn fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọn yóò dárúkọ ohun tí Ọlọ́run fún wọn, kí àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn tí wọn yóò kọ́ sí àdúgbò lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Èmi ni olórí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa. Lọ́dún tó kọjá, a sin ènìyàn méjì, wọ́n sì jí mẹ́rin gbé lọ́nà oko. Nígbà tí a lọ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọlọ́pàá, wọ́n ní ìwé ọwọ́ àwọn kò fi hàn pé wàhálà kankan wà lọ́dọ̀ wa. Kí ni ká ṣe? (Olórí ẹ̀ṣọ́, Ìbàràpá)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ọlọ́run yóò tu yín nínú. Lẹ́tà yín ló ká mi lára jù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni àṣìṣe tó ń pa ènìyàn jù lọ nínú gbogbo ìṣirò ààbò: kí a rí òdo lórí ìwé, kí a sì kà á sí àlàáfíà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kan náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Abraham Wald, tó sá kúrò ní Yúróòpù nítorí pé Júù ni, tó sì ń bá àwùjọ àwọn oníṣirò kan ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Columbia ní New York. Àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ ju bọ́ǹbù máa ń padà dé pẹ̀lú ihò ọta lára, ihò náà sì máa ń pọ̀ ní apá àti ní ìdí wọn ju ti ibi ẹ́ńjìnnì lọ. Ohun tó yá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí a lọ fi irin bo ibi tí ihò pọ̀ sí. Wald ní kí a ronú nípa ọkọ̀ tí kò padà. Ọta kò yan ibi tí yóò bà. Bí a kò bá rí ihò lára ẹ́ńjìnnì àwọn tó dé, àwọn tí ó bà ní ẹ́ńjìnnì ti já bọ́ nìyẹn. Ibi tí kò sí ihò gan-an ló yẹ kí a fi irin bò.

Abúlé yín ni ọkọ̀ tí kò padà yẹn. Ibi tí àgọ́ ọlọ́pàá bá jìnnà sí, tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, tí ọ̀nà kò dára, ibẹ̀ ni ìwé ti ń mọ́ tónítóní. Ní ìgboro pàápàá, ó ń ṣẹlẹ̀. Mo tẹ̀ lé aládùúgbò mi kan tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tó wà nídìí káńtà ní kò sí ìwé tí wọn yóò kọ ọ́ sí, kí ó mú owó ìwé wá. Kò sí owó lọ́wọ́ aládùúgbò mi, ohun tó fi ń wá owó gan-an ni wọ́n jí. A yí padà, olè náà kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ẹ rántí ìdá 36.3 tí mo kọ fún Bàbá Olùkọ́ lókè: èyí tó ju ìdajì lọ nínú ọ̀rọ̀ olè tó ń wọ ilé kò dé etí ọlọ́pàá.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú láti ṣe kò ní ná yín lówó púpọ̀. Ẹ ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tó kàn, ẹni méjì tó rí i, ọ́fíìsì tí ẹ fi tó létí, àti orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹni kan ni kó máa kọ ọ́, kí ẹlòmíràn máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ má kọ ohun tí ẹ gbọ́ pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ rí. Ẹ fún àhesọ ní ojú ewé tirẹ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ da á kọ sí ọ̀nà mẹ́rin: ọ̀kan fún Baálẹ̀, ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan fún DPO, ọ̀kan fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí wọ́n sì bá yín fọwọ́ sí èyí tó kù lọ́wọ́ yín pé àwọn gbà á. Ẹ rọ àwọn abúlé tó yí yín ká láti ṣe bákan náà, nítorí àwọn tó ń jí ènìyàn gbé kò mọ ààlà abúlé, ìwé mẹ́fà tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sì fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti ọjọ́ tí wọ́n ń jáde hàn lọ́nà tí ìwé kan kò lè gbà fi í hàn.

Ẹ̀bẹ̀ mi tó kẹ́yìn ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ojú ewé sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, kí ẹ kọ "kò sí" sí iwájú rẹ̀, kí ẹni tó ṣọ́ òru náà sì fọwọ́ sí i.